Ọwọ́ Tí Mo Nà sí Bàbá Rẹfirí

Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan lórí iná ló ń jí mi láràárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Àtíkẹ́ ni ìyá mi ń sè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti bá ará Èjìgbò tó ti Àbíjàn dé jẹun rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: wọn á rin ẹ̀gẹ́, wọn á jẹ́ kó kan díẹ̀, wọn á fún omi inú rẹ̀ dànù, wọn á wá gbé e sórí oru omi títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa tú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹja díndín àti àlùbọ́sà tútù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yìnkùlé bàbá bàbá mi ni ìyá mi ti ń sè é kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èéfín rẹ̀ a sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa lórí ẹní. Bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn lónìí, ẹsẹ̀ mi a kọ́kọ́ máa wá bọ́ọ̀lù kí ọwọ́ mi tó wá abọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyá mi ní kí n bá òun bu iyọ̀ nínú kèrèǹgbè, nítorí ọwọ́ òun kò gba ẹnu rẹ̀. Bí mo ṣe ń bu ú, òun náà nawọ́ gbé àwo fún mi lórí pẹpẹ tí èmi kò lè tó. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè." Ojoojúmọ́ ló ń pa òwe yẹn, débi pé n kì í gbọ́ ọ mọ́. Ọkàn mi kò tilẹ̀ sí nínú iyọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù kíláàsì wa yóò kojú ikọ̀ ilé-ìwé wa, èmi sì ni balógun.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé kíláàsì kan ń bá ilé-ìwé tirẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. A kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé náà tán.

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣe òwò níbẹ̀. Nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Kódífuá tí Àbíjàn wà, tí ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò yí padà, ó kó ìyá mi àti èmi àti àbúrò mi obìnrin sínú bọ́ọ̀sì, òun dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, ó ní, "Mùfú, ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ lọ sinmi." Láti ìgbà náà, bó bá ti pe fóònù àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bi mí ni pé, "Ṣé ẹ ń sinmi?" Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, à ń sinmi." Irọ́ ni mò ń pa fún bàbá mi.

Ta ni yóò sinmi? Ní Àbíjàn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Faransé ni a sì fi ń kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́. Nígbà tí a dé Èjìgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní kíláàsì, èmi kò sì mọ̀ ju "gúdù mọ́níìn" lọ. Àwa mẹ́tàdínlógún tí a ti Kódífuá dé lọ́dún yẹn ni ọ̀gá ilé-ìwé kó pa pọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Inú ilé pánù tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá ilé-ìwé sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi wá sí, lẹ́yìn ilé-ìwé gan-an, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè wá. Wọ́n ní a kò ní wọ aṣọ ilé-ìwé títí a ó fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmù omi tiwa wà lọ́tọ̀, nítorí ẹnì kan ti sọ pé a kó ikọ́ bọ̀ láti òkè òkun. Bí aago ìsinmi bá sì lù, pápá jẹ́ ti àwọn ọmọ iwájú. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sára ògiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣèèṣì gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀ yóò mọ̀ pé òfin ni.

Inú bí mi, mi ò ní fi bò. Ìlú tí bàbá mi fi ń yangàn fún wa lójoojúmọ́ ní Àbíjàn, tí ó ní a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, òun ló wá ń pè wá ní àlejò. Lọ́hùn-ún, ọmọ Nàìjíríà ni wá. Níbí, ọmọ Àbíjàn ni wá. Bàbá mi ní kí n ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, kí n fi ránṣẹ́ kí òun gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Odidi sáà kan ni mo fi ń wá àwáwí.

Olùkọ́ wa ni Àńtí Múíbá. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ga, tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ó ń sáré bá ọkọ̀. Ìdí tí wọ́n fi fún un ní kíláàsì wa ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní Kódífuá, wọ́n rò pé ìyẹn tó láti gbọ́ Faransé. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bọ́ọ̀lù náà kò mọ̀ ọ́n. Ó bi wá nígbà kan ìdí tí aṣọ́lé nìkan fi lè fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ó ní ojúsàájú ni. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé bí a bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ojú ilẹ̀ kékeré tó wà láàárín ilé pánù àti oko ẹ̀gẹ́, ojú wa a máa tàn lọ́nà tí kì í gbà tàn nínú kíláàsì. Ó ra fèrè. Ó ní, "Tí a bá wà ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Tí a bá wà níta, èdè tó bá yá lẹ́nu yín ni kí ẹ sọ."

Ohun tó yá lẹ́nu wa ni Faransé, òun ló sì di ohun ìjà wa. Sùlé, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé, á ké sí mi pé, "A góòṣì!" èmi á sì ta bọ́ọ̀lù sí apá òsì, nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ wa ṣì ń wo ẹnu wa. A ń jíròrò ohun tí a fẹ́ ṣe lójú wọn, wọn kò sì gbọ́.

A kò ní aṣọ bọ́ọ̀lù. Bàbá kan tó ti Àbíjàn dé bíi tiwa ń ṣe búrẹ́dì gígùn ní Èjìgbò, òun ló fún àwọn ìyá wa ní àpò ìyẹ̀fun mọ́kànlá. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí, wọ́n rán an, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ "50 kg" tó wà lára àpò kò ṣí. Báyìí ni gbogbo wa, àwa mọ́kànlá, ṣe ń jẹ́ nọ́ńbà àádọ́ta. Rẹfirí kan ní ọjọ́ kan fẹ́ bá Sùlé wí, ó ní, "Ìwọ, àádọ́ta!" gbogbo wa sì dúró.

Àńtí Múíbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé abúlé àti ìlú tó yí wa ká, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ bá wa gbá nílé. Masifa ni a kọ́kọ́ lọ. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn, a dé ibẹ̀ pẹ̀lú oòrùn lórí, wọ́n sì fi góòlù mẹ́rin lù wá bí ẹni lu aṣọ òfì. Nígbà tí a ń bọ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ títí Àńtí Múíbá fi béèrè pé, "Ṣé góòlù mẹ́rin pọ̀?" Sùlé kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó jọ pé ẹ̀rín yẹn ló tú wa sílẹ̀. Nígbà tí a tún padà sí Masifa, ọ̀mì ni a ta. Lẹ́yìn náà ni a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àwọn ìyàwó àgbẹ̀ tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pa iṣẹ́ tì wọ́n ń wò wá, a sì na àwọn ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ní méjì sí òdo. Wọ́n fún wa níṣu bọ̀ wálé. Àwọn ènìyàn tí a nà ló fún wa níṣu! Mo gbé iṣu tèmi wọ agbo ilé bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

Ohun kan wà tí mo máa ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Èmi gẹ́gẹ́ bíi balógun á lọ bá rẹfirí láàárín pápá, n óò nawọ́, n óò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Àbíjàn nìyẹn. Nílé, èmi náà ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi, ṣùgbọ́n mo ti ka rẹfirí mọ́ ohun ti ìta, bí ilé-ìwé àti ilé ìfowópamọ́, níbi tí ọwọ́ ti jẹ́ ìkíni. Àwọn tó ń fọn fèrè fún wa ní abúlé jẹ́ olùkọ́ tí kò tíì dàgbà púpọ̀, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a gba ọwọ́ mi. Àńtí Múíbá náà rí i, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó yá ló jẹ́wọ́ fún wa pé òun rò pé òfin bọ́ọ̀lù ni.

Láìpẹ́, àwọn ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí a nà na ikọ̀ ilé-ìwé wa gan-an. Ọ̀rọ̀ di ẹ̀fẹ̀ káàkiri ìlú. Wọ́n ní àwọn alápò ìyẹ̀fun ni ó yẹ kó lọ sí ìdíje tí gbogbo ilé-ìwé agbègbè wa fẹ́ ṣe. Àńtí Múíbá kò jẹ́ kí irin náà tutù, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé lọ, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde títí ọ̀gá fi sọ pé, "Ó dáa. Kí wọ́n gbá a. Ikọ̀ tó bá borí ni yóò wọ aṣọ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé yìí lọ sí ìdíje." Aṣọ búlúù ni, ó ní báàjì ilé-ìwé láyà, orí ìṣó ni wọ́n gbé e kọ́ lẹ́yìn àga ọ̀gá. Mo ti rí i láti ojú fèrèsé lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́kàn mi, mo ti ya fọ́tò náà, mo ti fi ránṣẹ́, bàbá mi sì ti gbé e kọ́.

Báyìí ni a ṣe dé orí pápá àwọn ọmọ iwájú lọ́jọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ wa kan ibẹ̀. Èrò pọ̀. Ìyá mi gbé igbá àtíkẹ́ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ní bí a bá pàdánù, ó kéré tán òun á tajà. Bàbá Rẹfirí ni yóò fọn fèrè. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, irun orí wọn ti funfun, kò sì sí bọ́ọ̀lù pàtàkì kan ní agbègbè wa tí wọn kì í fọn fèrè rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé ti di bàbá àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn. Adéṣínà, balógun ikọ̀ ilé-ìwé, sáré wọ àárín pápá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi náà sáré dé. Mo dúró ṣánṣán, mo wo ojú bàbá, mo nawọ́ ọ̀tún mi sí wọn.

Bàbá wo ọwọ́ mi bí ẹni wo ejò lójú ọ̀nà. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè, n kò mọ ibi tí n óò gbé e sí.

"Ta ló bí ọmọ yìí?" Kì í ṣe èmi ni wọ́n bi, èrò ni wọ́n kọjú sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ìka sí ẹ̀yìn ìlà. "Jáde. Ọmọ tí kò mọ àgbà kò ní gbá bọ́ọ̀lù níbi tí mo bá ti fọn fèrè."

Mo jáde. Àwa mọ́kànlá péré ni a ń gbá bọ́ọ̀lù ní kíláàsì wa, kò sí ẹni tí yóò rọ́pò mi, nítorí náà ẹni mẹ́wàá ni ikọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ilé tiwa, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò mọ ohun tí mo ṣe. Ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n kọ́ mi ni mo hù, òun ni wọ́n fi lé mi jáde. Kí àkókò ìsinmi tó tó, Adéṣínà ti gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé wa. Ó fò kọjá lórí mi bó ṣe ń yọ̀.

Nígbà ìsinmi, Àńtí Múíbá sáré wá bá mi. "Mùfú, wọ́n rò pé o fi ara rẹ ṣe ẹgbẹ́ wọn ni. Lọ dọ̀bálẹ̀, lọ bẹ̀ wọ́n." Mo kọ̀. Mo ní n kò ṣẹ̀, n kò lè bẹ̀bẹ̀. Orí mi le nígbà náà. Àwọn tó mọ̀ mí lónìí ní kò tíì rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá mi. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó rìn wọ àárín pápá níwájú gbogbo ayé, ó sì kúnlẹ̀ lórí eruku níwájú Bàbá Rẹfirí. A gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ béèrè ẹni tó bí i. Èmi ni. Kò fojú di yín. Ibi tí a ti ń bọ̀, ọwọ́ ni ọmọdé fi ń kí àgbà lórí pápá. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ti ibí yàtọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bàbá. Ẹ bá wa nawọ́ sí i."

Ẹ̀yin ará! Kí ìyá mi wà lórí orúnkún nítorí agídí mi! N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo sáré débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀, aṣọ àpò ìyẹ̀fun mi di pupa. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "mo kí yín ni."

Nígbà tí Bàbá yóò fèsì, ohùn wọn ti wálẹ̀. "Dìde, ìyá ọmọ. Ó ti tó oṣù mélòó tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti dé ìlú yìí, tí a kò sì kọ́ wọn ní nǹkan kan?" Wọ́n wo ọ̀gá ilé-ìwé nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n wá fi fèrè kàn mí léjìká. "Wọlé."

Ìlàjì kejì yẹn, n kò rántí rẹ̀ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi lọ́nà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo rántí pé Sùlé ké pé, "A góòṣì!" mo rántí pé mo ta á, mo sì rántí pé àwọ̀n mì. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó parí sí.

Ìjà fẹ́ bẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ ti ẹni tó bá borí, kò sọ ti ọ̀mì. Àwọn ọmọ iwájú ní àwọn ló ni aṣọ, àwa Kíláàsì Ẹ̀yìn ní a fi ẹni mẹ́wàá gbá ìlàjì àkọ́kọ́. Bàbá Rẹfirí fọn fèrè kíkan, wọ́n ní kí gbogbo wa jókòó sílẹ̀. "Ṣé ẹ máa ń wo ọdún Ògìyán?" Àwọn ọmọ iwájú a máa wò ó, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, àwa náà sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá wa. "Apá kan ìlú yìí a máa fi àtòrì na apá kejì lọ́jọ́ náà. Mo ti jẹ nínú rẹ̀ nígbà èwe mi, àpá rẹ̀ wà lẹ́yìn mi. Ẹ bi mí léèrè apá tó borí." Wọ́n mi orí. "N kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹgba bá ti tán, ìlú kan náà la ó jọ wọ̀ sùn. Ọ̀gá, ẹ dà wọ́n pọ̀."

Ọ̀gá ilé-ìwé dà wá pọ̀. Ẹni mẹ́fà láti iwájú, ẹni márùn-ún láti ẹ̀yìn. Adéṣínà ni balógun, èmi ni igbá-kejì. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ iwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "a góòṣì," Adéṣínà fúnra rẹ̀ a tilẹ̀ máa pariwo rẹ̀ nígbà tó bá ń fẹ́ apá ọ̀tún. A kò gba ife ẹ̀yẹ o, ẹ má retí ìyẹn. Ìgbà kejì tí a gbá ni wọ́n lé wa jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà tuntun wọlé, wọ́n pín wa sí àwọn kíláàsì gidi, ọkọ́ àti àdá padà sínú ilé pánù, àmù omi sì di ọ̀kan. Mo ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ búlúù lọ́rùn. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìgbà tó dé ọwọ́ bàbá mi, ó pè, ó béèrè pé, "Ṣé ẹ ń sinmi?" Mo ní, "À ń bẹ̀rẹ̀, bàbá."

Olùkọ́ ni mí lónìí, ní Èjìgbò yìí kan náà. Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ bọ́ọ̀lù, èmi ni mo ń fọn fèrè. Bàbá Rẹfirí ṣì wà láyé. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọn a ní kí wọ́n gbé àga àwọn sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àríwísí fèrè mi.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ balógun ikọ̀ tirẹ̀ wá bá mi láàárín pápá. Kò tíì pé oṣù kan tó ti Àbíjàn dé. Ó dúró ṣánṣán, ó wo ojú mi, ó nawọ́ sí mi.

Kí n má purọ́ fún yín. Èmi, Mùfú, nọ́ńbà àádọ́ta, ẹni tó yẹ kó mọ̀ ju gbogbo ayé lọ, mo wo ọwọ́ kékeré yẹn, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé, ta ló bí èyí? Ọwọ́ tèmi kò gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí i tí ojú ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì, tí kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

Lábẹ́ igi máńgòrò, ohùn arúgbó kan dún.

"Tíṣà! Ọmọ ń kí ọ."

Mo gba ọwọ́ rẹ̀.